Ṣúgà, agolo mílíìkì àti ìyá tó ń bẹ̀rù ẹnu ayé: àlàyé lórí ọjà ìkókó

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde pé ṣúgà wà nínú Cerelac, oúnjẹ oníhóró tí ilé iṣẹ́ Nestlé ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, èyí tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Áfíríkà, tí kò sì sí nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Switzerland níbi tí ilé iṣẹ́ náà ti wá, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò nílẹ̀ lórí WhatsApp àwọn ìyá ìkókó. Àwọn kan ní májèlé ni. Àwọn kan ní òun làwọn jẹ dàgbà, kò sì pa àwọn. Àwọn mìíràn ti da Cerelac pọ̀ mọ́ mílíìkì ọmọ ọwọ́, wọ́n wá ń fi òfin ọ̀kan ṣèdájọ́ èkejì. Ohun tó wà nínú agolo ni gbogbo wọn ń jà lé lórí. Ohun tó mú ìyá nawọ́ sí agolo yẹn níṣọ̀, tó fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kì í sábà jẹyọ nínú àríyànjiyàn náà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Public Eye, àjọ kan tó fìkàlẹ̀ sí Switzerland, àti IBFAN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń polongo fífún ọmọ lọ́yàn, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Oríṣi Cerelac 115 tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú 108, wọ́n rí ṣúgà tí wọ́n bù sí i, yàtọ̀ sí adùn tó wà nínú ọkà àti mílíìkì fúnra wọn. Ìpíndọ́gba rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 4 nínú ìwọ̀n tí ọmọ yóò jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ ṣúgà oníkúùbù kan. Ti Nàìjíríà wà lára àwọn tó pọ̀ jù: wọ́n rí ọ̀kan tó ní gíráàmù 6.8. Ti Philippines tó 7.3. Èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà ń tà fún àwọn ọmọ ọjọ́ orí kan náà ní Switzerland àti Jámánì kò ní rárá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Public Eye tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Áfíríkà nìkan ni wọ́n dojú kọ: oríṣi Cerelac tó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún láti orílẹ̀-èdè 20. Ṣúgà wà nínú ohun tó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì tó bíi gíráàmù 6.

Nestlé kò gbà. Ilé iṣẹ́ náà ní ìròyìn yẹn ń ṣi aráyé lọ́nà, pé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan làwọn ń tẹ̀ lé, pé àwọn ń kọ ṣúgà sára agolo fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, àti pé àwọn ti dín in kù láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Wọ́n tún sọ pé oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ dùn lẹ́nu ọmọ kó tó lè gbà á, nítorí áyọ́ọ̀nù (iron) àti fítámì tó wà nínú rẹ̀ ń gbógun ti àìjẹunre-kánú. Wọ́n ṣèlérí oríṣi tí wọn kò ní bu ṣúgà sí.

Ṣé òfin ni wọ́n rú ni?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ìlànà méjì ló wà níbẹ̀. Codex Alimentarius, ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń wò ṣe òfin tiwọn, fàyè gba ṣúgà díẹ̀ nínú oúnjẹ oníhóró ti ọmọ ọwọ́. Àjọ ìlera àgbáyé WHO, láti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Yúróòpù, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2022: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ jẹ ṣúgà tí ilé iṣẹ́ bù sínú oúnjẹ, ì báà kéré. Ẹni tó bá di Codex mú yóò ní òfin kankan kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá di ìlànà WHO mú yóò ní ìdẹ́kùn ni wọ́n ń dẹ sí ọmọ lẹ́nu kó tó lè sọ̀rọ̀. Ìdí tí WHO fi kọ̀ ọ́ ni pé adùn tí ọmọ bá kọ́kọ́ tọ́ wò ni yóò máa wá kiri, eyín rẹ̀ lè tibẹ̀ bàjẹ́, ara rẹ̀ sì lè tibẹ̀ sanra jù.

Ìbéèrè tí àwọn ìyá ń béèrè kò jọ méjèèjì: bí ọmọ Zürich ní Switzerland bá lè jẹ ẹ́ láìsí ṣúgà, kí ló dé tí ti Ìbàdàn fi gbọ́dọ̀ dùn? Nestlé ní òfin ibi kọ̀ọ̀kan àti ohun èlò tó wà níbẹ̀ ló fa ìyàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú láti Áfíríkà tó kọ̀wé ẹ̀hónú sí ilé iṣẹ́ náà ní àbùkù ni.

Ta ní ń sọ fún wa pé ìyá yìí dára, èyí kò dára?

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, ló ń sọ pé ìyá rẹ̀ mọ ọmọ tọ́jú. Òrí, adí, omi gbígbóná, kànhìnkànhìn, ìyá ọkọ tó jókòó sórí àpótí tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń fi ọwọ́ tẹ orí ọmọ kó lè rí róbótó: gbogbo èyí jẹ́ ẹ̀rí fún ará ilé pé wọn kò fi ọmọ ṣeré. Láyé òyìnbó amúnisìn, wọ́n ṣe ìdíje ọmọ ọwọ́ ní Èkó, tí nọ́ọ̀sì àti dókítà ń yan ọmọ tó dára jù. Ìdíje náà ti ṣí lọ sórí fóònù báyìí. Ìyá á fi fọ́tò ọmọ sílẹ̀, á pín líǹkì kiri, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìbò fún prince mi," owó ni wọ́n sì fi ń ra ìbò. Ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè a máa jẹ́ owó pẹ̀lú páálí pampers.

Nígbà kan, ohùn kan ló borí nínú ilé, ti àgbà obìnrin. Lónìí ó di mẹ́ta, wọn kò sì bára mu. Ìyá àgbà ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ fún un lómi, ẹ fi àgbo díẹ̀ kàn án lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ní kíliníìkì ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kódà omi lásán kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Fóònù ní tirẹ̀ ń fi ọmọ ẹlòmíràn hàn, tó ń sùn láti alẹ́ dàárọ̀ nínú bẹ́ẹ̀dì funfun báláú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú fídà gbóná fúnra rẹ̀.

Sharon Hays, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ti ṣàpèjúwe ohun tó jọ èyí ní 1996. Ó ní èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ìyá níbẹ̀ pé ọmọ títọ́ gbọ́dọ̀ gba gbogbo àkókò, gbogbo ọkàn àti owó tabua, kí ìyá sì máa gbọ́ ti àwọn onímọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà ló ń sọ o, kì í ṣe Òṣogbo. Ṣùgbọ́n fọ́tò ń rìn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tòkunbọ̀ wà ní ilé tí kò sí ibi tí wọ́n lè tì í sí lójú pópó, ọ̀já ló sì ń gbé ọmọ náà lọ sọ́jà.

Ẹ wo bí ọjà ṣe ń tà. Níbi ìsọmọlórúkọ, àǹtí kan á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, á gbé e sókè sódò: "Kí ló dé tí ọmọ yìí rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí? Ṣé omi ọmú ẹ ń tó o?" Kò ju gbólóhùn méjì lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti rán ọkọ lọ ra agolo. Àǹtí náà kò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan.

Báwo ni àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń lo èrò yìí?

Ní oṣù kejì ọdún 2022, WHO àti UNICEF tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bá òbí àti aláboyún 8,500 àti òṣìṣẹ́ ìlera 300 sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà àti UK wà lára wọn. Ìdajì àwọn òbí àti aláboyún náà, àti díẹ̀ sí i, ló sọ pé ìpolówó mílíìkì ọmọ ọwọ́ ti kàn wọ́n. Ní UK ó tó 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin lọ tó sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera ló dárúkọ mílíìkì kan pàtó fún wọn. Ọjà tí wọ́n ń tà yìí ń mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 55 dọ́là wọlé lọ́dún.

Ọgbọ́n tí ìwádìí náà tú síta kò le. Ohun tí gbogbo ìkókó ń ṣe, ẹkún, jíjí lóru, pípọ mílíìkì díẹ̀ síta, ni ìpolówó ń sọ di àìsàn tó ní oògùn. "Ọmọ tí ebi ń tètè pa." "Ọmọ tí inú ń kùn." Agolo kan wà fún ẹkún, òmíràn wà fún oorun, òmíràn wà tó ní àwọn lẹ́tà bíi DHA (irú ọ̀rá kan), tí ìyá á rò pé ọpọlọ ọmọ ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ìyá tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní agbára láti máa yẹ ẹ̀rí wò. Ohun tó ń rà ni ìfọ̀kànbalẹ̀ pé òun kò kùnà.

Orí ayélujára ló ti wá le jù. Ìwádìí WHO mìíràn ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà tọpa àkáǹtì 264 tó jẹ́ ti àwọn mílíìkì ọmọ ọwọ́. Wọ́n ń gbé nǹkan síta ní bíi ìgbà 90 lóòjọ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 229, ìlọ́po mẹ́ta iye tí àlàyé nípa ọmú láti ọwọ́ àwọn tí kì í ṣòwò ń dé. Ẹgbẹ́ ìyá tí ilé iṣẹ́ dá sílẹ̀, nọ́ńbà tí èèyàn lè pè gba ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá gbajúmọ̀ orí Instagram tó kàn "ṣèèṣì" gbé agolo sẹ́yìn ara rẹ̀ nínú fídíò: gbogbo rẹ̀ ń wọlé bí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́.

Ṣebí òfin wà tó ka ìpolówó léèwọ̀?

Ó wà, ó sì ti pẹ́. Ní 1939, dókítà Cicely Williams, tó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, dìde sọ̀rọ̀ ní Singapore pé ikú àwọn ọmọ tí wọ́n fi mílíìkì inú agolo rọ́pò ọmú fún kò yàtọ̀ sí ìpànìyàn. Wọn kò kà á sí púpọ̀ nígbà náà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ariwo wá gba ayé: àwọn ilé iṣẹ́ ń rán obìnrin tó wọṣọ bíi nọ́ọ̀sì lọ sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, wọ́n ń pín mílíìkì ọ̀fẹ́, tí ọmú bá ti gbẹ tán, ọ̀fẹ́ náà á dópin. Ìyá tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ á máa bomi là á, omi náà sì lè má mọ́. Ní 1977 àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọjà Nestlé ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí di 1984.

Láàárín ìyẹn, ní 1981, àpérò ìlera àgbáyé dìbò fún ìlànà tó de títa ohun tó ń rọ́pò ọmú. Orílẹ̀-èdè 118 fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò kọ̀, mẹ́ta sì dákẹ́. Ìlànà náà ní kò gbọdọ̀ sí ìpolówó fún aráàlú, kò gbọdọ̀ sí ọ̀fẹ́ fún ìyá, kò gbọdọ̀ sí àwòrán ọmọ lára agolo, kò sì gbọdọ̀ sí ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́ ìlera. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 1990, NAFDAC ló sì ń mójú tó o.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ní nọ́ńbà 1, 2 àti 3 lára agolo?

Ihò tí òfin fi sílẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, mílíìkì tó wà fún ọmọ tuntun, nọ́ńbà 1, ni èèwọ̀ náà mú. Nígbà náà ni mílíìkì fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà yọjú, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n ní ó wà fún ọmọ tó ti ń rìn. Ẹ to mẹ́ta náà síwájú: àwọ̀ kan náà, ẹranko kékeré kan náà, orúkọ kan náà, nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀. Tí wọ́n bá polówó 2, èèyàn á rántí 1. WHO ní ọmọ kò nílò àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀kan yìí rárá, ó sì sọ ní 2016 pé gbogbo mílíìkì tí wọ́n ń tà fún ọmọ títí dé ọdún mẹ́ta ni kí ìlànà náà máa bá wí. Kì í ṣe gbogbo ìjọba ló tíì fi èyí sínú òfin. Ní UK, wọ́n ṣì ń polówó nọ́ńbà 2 lórí tẹlifíṣọ̀n.

Cerelac ńkọ́? Oúnjẹ àfikún ni, láti oṣù mẹ́fà sókè. Kì í ṣe ohun tó ń rọ́pò ọmú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ pé "òfin 1981 ti fòfin de Cerelac" kò fi tọ̀nà.

Ṣé èyí tó wọ́n jù ló dára jù?

Àwọn Yorùbá tó wà ní ìlú ọba mọ ìbéèrè yìí dáadáa, torí ó wà nínú ìròyìn wọn ní oṣù kejì ọdún 2025. CMA, àjọ ìjọba UK tó ń rí sí ìdíje láàárín oníṣòwò, parí ìwádìí rẹ̀ lórí mílíìkì ọmọ tuntun. Òfin ibẹ̀ ní gbogbo mílíìkì ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ ní gbogbo èròjà tí ọmọ nílò, ìbáà jẹ́ èyí tó wọ́n jù tàbí èyí tó pọ́ọ́kú jù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ń sáré sí èyí tó wọ́n, nítorí wọ́n rò pé owó ló ń fi bó ṣe dára hàn. CMA ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó bá kúrò lórí èyí tó lókìkí bọ́ sórí èyí tó dínwó lè tọ́jú nǹkan bíi £300 pamọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ ọmọ.

Àbájáde ìwádìí náà ní ìpinnu a máa wáyé ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn ìbímọ, tí ó ti rẹ ìyá tẹnutẹnu, tí wọ́n sì gbé orúkọ kan lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù á máa bà á láti pààrọ̀. Ta ní fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun fi ọmọ òun ṣẹ́wó? Wọ́n dábàá pé kí agolo tí wọ́n ń lò ní wọ́ọ̀dù má ní àmì ilé iṣẹ́ kankan lára, kí èèwọ̀ ìpolówó dé nọ́ńbà 2, kí wọ́n sì jẹ́ kó yé aráàlú pé wọ́n lè fi fáúṣà àti póńtì tí ṣọ́ọ̀bù ń fún oníbàárà ra mílíìkì.

Àwọn ará ilé tó ń ti London bọ̀ ṣì ń kó agolo sínú àpótí bọ̀ ní Nàìjíríà, pé "original" ni. Ìròyìn ṣúgà Cerelac ti wá fi ẹ̀rí ti ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ oníhóró ni ìwádìí náà dá lé, kì í ṣe mílíìkì.

Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ìwádìí ìlera ìdílé ti Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2013, ìdá 17 ni. Kì í ṣe ìpolówó nìkan ló fà á tí iye náà kò fi pọ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó oṣù, àti ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdajì wákàtí, ní Èkó, láti Victoria Island dé Ìyànà-Ìpájà! Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fà láti 2014. Aránṣọ, onídìrí àti ẹni tó ń kiri ọjà kò sí nínú òfin wọ̀nyí.

Owó tún dá kún un. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, ohun tó ń ti òkè òkun wá gbẹ́nu sókè, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Huggies sì ti ibùdó rẹ̀ ní Ìkòròdú pa ní 2024, lẹ́yìn ọdún méjì péré tó ṣí i. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ra pampers, ọ̀kan fún òde, nápì fún inú ilé.

Ibo ni àwọn tó ń jiyàn dúró sí?

Àwọn ilé iṣẹ́ ní ìyá lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ohun tó bá fẹ́, pé àwọn kan kò lè fún ọmọ lọ́yàn rárá, ọmọ mìíràn sì wà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Òótọ́ ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò mílíìkì inú agolo. Àwọn tó ń polongo ọmú ní àwọn kò fòfin de agolo, ìpolówó ni àwọn fẹ́ kó dúró, torí yíyàn tí ẹni tó ń tajà bá ṣàlàyé rẹ̀ kì í ṣe yíyàn.

Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì yìí ni àwọn ìyá kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà dé inú ìwé: wọ́n ní méjèèjì ló ń dójú ti àwọn. Ẹni tó ń fún ọmọ ní agolo ni wọ́n ń bú pé ó ń tọ́jú ọmú kó má baà sọ̀. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn nìkan ni wọ́n ń bi bóyá ebi kò pa ọmọ. Ó sì yẹ kí ẹ kíyè sí i pé "ọmú nìkan" fúnra rẹ̀ ti lọ́jà tirẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọmú, tíì àti bisikíìtì tó ń mú omi ọmú wá, ìrọ̀rí ìfọ́mọlọ́yàn, gbogbo rẹ̀ lórí Instagram, láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ìyá. Ẹ̀kọ gbígbóná tí àwọn àgbà ń fún abiyamọ mu kò rí ẹni bá a ya fídíò.

Kí ló kù, kí sì ni èèyàn lè wò lára agolo?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àpérò ìlera àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu kan pé kí àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í de ìpolówó mílíìkì ọmọ lórí ayélujára. Ìpinnu ni, kì í ṣe òfin. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ tirẹ̀, tí yóò sì wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ Instagram àti TikTok.

Lára agolo, bí èròjà kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń tò wọ́n: ohun tó bá ṣáájú ló pọ̀ jù. Tí "sugar", "sucrose" tàbí "honey" bá wà ní ipò kejì tàbí ìkẹta, ó pọ̀ nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin rárá, nítorí kòkòrò tó ń fa botulism. "No added sugar" túmọ̀ sí pé wọn kò bu ṣúgà sí i. Ọkà àti mílíìkì inú rẹ̀ ṣì ní adùn tiwọn. Bí oríṣi tuntun tí Nestlé ṣèlérí bá tilẹ̀ wà lọ́jà, èyí tó ní ṣúgà ṣì lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ̀yìn agolo ni kí ẹ kà, ẹ má wo iwájú.